Àrá Lọ Wo Ijó

"Màmá, ẹ dákun, ẹ bá mi sọ fún Bàbá. Kí wọ́n má wá."

Ìyá gbé áyọ́ọ̀nù dúró. Ṣẹ́ẹ̀tì funfun tó ń lọ̀ lọ́wọ́ gan-an ni èyí tí Bàbá fẹ́ wọ̀ lọ síbi ijó náà. Ó wo ọmọbìnrin rẹ̀ láti òkè délẹ̀ bí ẹni tó ń wo àlejò tó ṣi ilé yà.

"Kí wọ́n má wá síbo?"

"Síbi ijó wa tọjọ́ Ẹtì. Ẹ ṣáà mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ lọ́dún tó kọjá."

Ìyá mọ̀ ọ́n. Gbogbo àdúgbò ló mọ̀ ọ́n. Inú ẹgbẹ́ oníjó báléè agbègbè wọn ni ọmọbìnrin náà wà, àwọn tó máa ń fi ṣóńṣó ọmọ ìka ẹsẹ̀ jó bí ẹni pé ilẹ̀ gbóná. Ara rẹ̀ fúyẹ́ débi pé Ìyẹ́ ni àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ń pè é. Bàbá rẹ̀ ní tirẹ̀, ilé ìlagi ló ti lo ìdajì ayé rẹ̀, nídìí ayùn ńlá tó ń ké láti àárọ̀ dalẹ́. Ẹni tó bá ń bá ayùn gbé kì í mọ ọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́ í sọ. Bí Bàbá bá sọ ọ̀rọ̀ àṣírí nínú yàrá, ará òde á ti gbọ́, á sì ti dá sí i. Àrá ni wọ́n ń pè é níbi iṣẹ́. Ìyá a sì máa fi bàbá àtọmọ ṣẹ̀fẹ̀ pé, "Ẹ wo iṣẹ́ Olúwa, Àrá ló bí Ìyẹ́!"

Lọ́dún tó kọjá, ọmọ tí òtútù pa sójú ọ̀nà ni Ìyẹ́ ṣe nínú eré. Ipa kékeré ni. Ó jó wọlé, ẹsẹ̀ rẹ̀ ń gbọ̀n, ó ṣubú lulẹ̀, gbogbo gbọ̀ngàn sì pa lọ́lọ́. Àfi bí ohùn kan ṣe bú láti àárín èrò: "Yéè! Ọmọ mi ti ṣubú! Ẹ tanná o!" Kí ẹnikẹ́ni tó mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀, Bàbá ti gun orí ìtàgé, ó ti gbé òkú èké náà lé èjìká, ó sì ń pe dókítà. Àwọn òǹwòran rẹ́rìn-ín títí omi fi ń bọ́ lójú wọn.

"Lọ́dún yìí, èmi ni olórí oníjó," ni Ìyẹ́ wí. "Àwòrán mi ló wà lára pátákó ìpolówó. Mo sì tún máa kú, Màmá."

"O tún máa kú?" Ìyá pa áyọ́ọ̀nù. "Ṣé kò sí ijó míì tẹ́ ẹ lè jó ni, tí ikú ò ní sí nínú ẹ̀?"

"Màmá!"

"Mo ti gbọ́. Màá sọ fún wọn. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ tó o gbé lé mi lẹ́nu yìí, ó wúwo ju ẹrù orí lọ."

Nígbà tí wọ́n jókòó oúnjẹ ní ìrọ̀lẹ́, Ìyẹ́ mọ̀ pé Ìyá ti jíṣẹ́. Bàbá kò bú sẹ́rìn-ín, kò sọ ìtàn ibi iṣẹ́, kò tiẹ̀ bínú. "Ọmọ mi, fún mi níyọ̀," ni gbogbo ohun tó sọ, jẹ́jẹ́ ló sì sọ ọ́. Ọkàn Ìyẹ́ gbọgbẹ́. Ilé tí ohùn Bàbá ò bá ti dún dà bí ilé tí wọ́n ṣí òrùlé rẹ̀ lọ. Síbẹ̀, ó rántí ẹ̀rín ọdún tó kọjá, ó sì na iyọ̀ sí Bàbá.

Àṣà ẹgbẹ́ náà ni pé kí àsìkò ijó tó bẹ̀rẹ̀, wọ́n á kọ́kọ́ wọ àárín ìlú. Wọ́n ti jó nílé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, wọ́n ti jó fáwọn arúgbó nílé ìtọ́jú wọn. Èyí tó gbẹ̀yìn ni ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ nínú gbọ̀ngàn ilé ìkàwé, fún ẹni tó bá fẹ́ mọ bí wọ́n ṣe ń wo ijó báléè. Màdáàmù tó jẹ́ olórí ẹgbẹ́ ló máa ń sọ̀rọ̀, obìnrin tẹ́ẹ́rẹ́ tọ́rùn rẹ̀ gùn bíi ti ẹyẹ àkọ̀. Ìyẹ́ á máa fi ẹsẹ̀ ṣàlàyé.

Lọ́sàn-án Ọjọ́bọ̀, Ìyẹ́ jó jáde tòun ti bàtà ijó rẹ̀, ó gbójú sókè, ẹsẹ̀ sì fẹ́rẹ̀ẹ́ yẹ̀ ẹ́. Bàbá rẹ̀ ló jókòó síwájú pátápátá, ó wọ ṣẹ́ẹ̀tì funfun, ìyẹ̀fun igi ṣì wà lórí rẹ̀.

"Tí oníjó bá ń jó lọ́wọ́, a kì í pè é," ni Màdáàmù ń wí. "Tí orin bá dúró, ẹ wá pàtẹ́wọ́."

Bàbá nawọ́. Ó sa gbogbo ipá rẹ̀ láti sọ ọ́ jẹ́jẹ́. Gíláàsì fèrèsé ló dáhùn. "Ẹ jọ̀ọ́ mà, ṣé èèyàn lè wúkọ́?"

"Ẹ lè wúkọ́, sà. Ẹ ṣáà fọwọ́ bo ẹnu."

"Tó bá wá jẹ́ sísín ńkọ́?"

"Bàbá," ni ìyá kan lẹ́yìn rẹ̀ dáhùn, "bí tiyín bá jẹ́ sísín, ẹ bá wa lọ sín in nílé."

Gbogbo èrò rẹ́rìn-ín. Bàbá náà rẹ́rìn-ín. Ìyẹ́ ń wo ilẹ̀, ó ń bẹ ilẹ̀ pé kó lanu. Ṣùgbọ́n Bàbá ò jókòó.

"Ìbéèrè kan ló kù tó gbé mi wá. Tí ọmọ ẹni bá ṣubú níbẹ̀ yẹn, báwo lèèyàn ṣe máa mọ̀ pé eré ni?"

Màdáàmù yíjú sí Ìyẹ́.

"Níbi iṣẹ́ wa," ni Bàbá ń bá lọ, "ọ̀rẹ́ mi kan ṣubú sẹ́gbẹ̀ẹ́ ayùn. Aláwàdà ni, a rò pé àwàdà ni. A dúró, à ń fi í rẹ́rìn-ín. Ẹ̀jẹ̀ ló wá sọ òótọ́ fún wa. Olúwa yọ ọ́, ó wà láàyè títí dòní. Ṣùgbọ́n látọjọ́ yẹn, mi ò lè rí ẹni tó ṣubú kí n jókòó. Mo fẹ́ kọ́ bí wọ́n ṣe ń jókòó."

Ìyẹ́ ò gbọ́ ìtàn yẹn rí láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí i. Ó wo ọwọ́ ńlá bàbá rẹ̀ lórí àga, ó sì sọ̀ kalẹ̀ wá bá a.

"Bàbá mi, ẹ wò mí. Ẹni tó bá ṣubú ní tòótọ́, ọwọ́ ló kọ́kọ́ ń fi wá ilẹ̀. Tèmi, èjìká ló máa kọ́kọ́ kan ilẹ̀, ọwọ́ á wá tẹ̀ lé e, bí ewé tó já. Ẹ máa wò ó."

Ó ṣubú. Bàbá dìde díẹ̀, ó gbá àga mú, ó tún jókòó.

"Tún un ṣe."

Ó tún un ṣe. Ó ṣe é títí Bàbá fi mi orí. Nígbà yẹn, àwọn yòókù ti dìde, àwọn náà fẹ́ kọ́ ọ, kò pẹ́ tí àgbà obìnrin àtọkùnrin fi ń ṣubú káàkiri gbọ̀ngàn ilé ìkàwé, ẹ̀rín ń sọ, Màdáàmù sì ń sáré kiri pé, "Jẹ́jẹ́ o! Èjìká la wí, kì í ṣe orí!"

Ìyẹ́ fẹnu sún mọ́ etí bàbá rẹ̀. "Ẹ wá lọ́jọ́ Ẹtì."

"Ìyá rẹ ní—"

"Èmi ni mo rán Màmá níṣẹ́ yẹn. Ẹ dákun, mo ti gba iṣẹ́ mi padà."

Lọ́jọ́ Ẹtì, gbọ̀ngàn kún fọ́fọ́. Ọmọbìnrin atukọ̀ ni Ìyẹ́ ṣe, tó wọ odò lọ gba bàbá rẹ̀ là. Aṣọ búlúù gbòòrò ni wọ́n ń jù lẹ́ẹ̀lẹ̀ẹ̀ bí ìgbì. Ó ti bàbá inú eré náà dé èbúté, omi wá borí òun fúnra rẹ̀, ó sì ṣubú.

Gbọ̀ngàn pa lọ́lọ́. Níbi tó dùbúlẹ̀ sí, ojú pípadé, ó gbọ́ tí àga kan dún níwájú. Ó mọ ẹni tó ni ín. Ó di èémí mú. Àga náà tún dún: ẹni náà ti jókòó padà.

Lójijì, igbe ta láti ìjókòó òkè. "Yéè! Ọmọ yẹn ti dákú o! Ẹ gbà á o!" Ohùn ìyá arúgbó kan ni. Àwọn kan ti ń dìde.

"Ẹ fọkàn balẹ̀, ìyá," ni Bàbá sọ, lóhùn tó rò pé bòókẹ́lẹ́ ni. Ó dé igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin gbọ̀ngàn. "Eré ni. Èjìká ló kọ́kọ́ kan ilẹ̀."

Ẹnì kan pòṣé, ẹnì kan fọ́n ẹ̀rín, lẹ́yìn náà gbogbo ilé bú. Afunfèrè ò rí èémí fun fèrè. Ikùn òkú bẹ̀rẹ̀ sí í mì.

"Ẹ dákẹ́ ná!" ni Bàbá tún kébòsí. "Ẹ jẹ́ kọ́mọ kú dáadáa!"

Ó pẹ́ kí orin tó padà dún. Nígbà tí Ìyẹ́ dìde, tí òkú inú eré di ìkùukùu orí odò, ẹ̀rín ṣì wà létè rẹ̀, ó sì jó bí kò ṣe jó rí. Àtẹ́wọ́ tí wọ́n pa fún un lọ́jọ́ náà, àfi bí òjò lórí páànù.

Lẹ́yìn eré, Màdáàmù bá a nínú yàrá ìmúra. Ohùn Bàbá ń wọlé láti ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó ń ṣàlàyé ìṣubú fún ìyá arúgbó náà.

"Ìyẹ́, ijó tún wà lọ́la, ó sì wà lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Ṣé ká fi bàbá sí ìjókòó òkè, lẹ́yìn pátápátá? Ohùn wọn ò ní fi bẹ́ẹ̀ dé ìtàgé."

Ìyẹ́ tú okùn bàtà rẹ̀, ó nasẹ̀.

"Rárá mà. Ẹ fi wọ́n síwájú, kí wọ́n sún mọ́ mi. Tí mo bá ṣubú ní tòótọ́ lọ́jọ́ kan, àwọn ló máa kọ́kọ́ mọ̀."