Ìwé Bàbá Wà Nílé

Ìgbà márùn-ún ni mo sọ fún Murad, àbúrò mi, kí Ọjọ́ Ètùtù tó wọlé: "Gbé ìwé Bàbá lọ sí sínágọ́gù kí oòrùn tó wọ̀."

"Mo ti gbọ́, ẹ̀gbọ́n mi. Tí mo bá tètè gbé e lọ, wọ́n á da òróró fìtílà sí i." Kò sì jẹ́ kí èmi fọwọ́ kàn án.

Ìwé àdúrà ọdún ni. Ó ti lé ní irínwó ọdún tí wọ́n ti tẹ̀ ẹ́ ní Fẹ́nísì, nílẹ̀ Ítálì, fún àwa Júù ìlú Alépò ní Síríà, kò sì sí irú rẹ̀ mọ́ ládùúgbò wa. Inú rẹ̀ nìkan ni orin tí Bàbá fi ń parí ọjọ́ náà wà. Kí ó tó kú ní oṣù Nísàn, oṣù mẹ́fà sẹ́yìn, ohun kan ló bẹ̀ wá: kí orin náà má bá òun lọ. Rábì Shehade sì ti kìlọ̀ pé bí Murad kò bá rọ́pò Bàbá kọ ọ́ lọ́dún yìí, ètò inú ìwé tuntun ni a ó máa tẹ̀ lé títí.

Lọ́sàn-án Ọjọ́ Ètùtù, tí gbogbo wa ń gbààwẹ̀, Murad wá síbi fèrèsé onígi tó ya àwa obìnrin sọ́tọ̀ ní sínágọ́gù.

"Ẹ̀gbọ́n mi…"

"Má sọ ọ́."

"Orí àpótí nílé ni mo gbàgbé rẹ̀ sí."

Mo káwọ́ lérí. Lọ́jọ́ náà, a kì í gbé ẹrù gba ojú ọ̀nà, ìbáà ṣe ewé.

"Adìyẹ àná ńkọ́? Ṣé o gbàgbé ìyẹn náà?"

"Mo jẹ ẹ́."

"Ẹ̀ẹ̀mejì lo bù ú! Ikùn rẹ kì í gbàgbé."

Rábì yíjú sí wa. "Ṣé ọjà lẹ wà ni? Ẹ jẹ́ ká lo ìwé tuntun. Ó ti parí."

"Kò tíì parí, Rábì," ni mo wí. "Òfin ní kí ìwé má jáde. Kò ní kí àwa má lọ bá a."

Ó pa ìwé tuntun náà dé. Ẹnu gbogbo wa ti gbẹ, kò sẹ́ni tó lágbára àríyànjiyàn.

Mo rò pé ọkùnrin mẹ́wàá tí àdúrà ìjọ ń fẹ́ nìkan ni yóò bá wa lọ sílé. Gbogbo sínágọ́gù ló dìde! Wọ́n kún àgbàlá ilé wa tí n kò tíì gbá.

"Bahiyya, ibí yìí lo ń gbé?" ni Ìyá Latife, aládùúgbò wa, bi mí, tó ń wo ìdọ̀tí ilẹ̀.

"Ẹ wá ibi dúró sí, Ìyá."

Murad ṣí ìwé. Ó kọ ìlà mẹ́ta, ó dúró, ó fi ìka kan àbàwọ́n kan lójú ìwé.

"Kí ló tún dé?"

"Ìda àbẹ́là Bàbá ló kán síbí."

Ó ń ṣe mí bíi kí n gbá a létí, ó sì ń ṣe mí bíi kí n dì mọ́ ọn.

"Tún un bẹ̀rẹ̀," ni Rábì wí, ohùn rẹ̀ rọ̀. "Ní ìlà kọ̀ọ̀kan, kí gbogbo wa máa gbè é. Ohun tó wà lẹ́nu kì í ṣe ẹrù."

A gbè é títí Ìyá Latife pàápàá fi mọ̀ ọ́n. Nígbà tí oòrùn rẹlẹ̀ dé orí ògiri, a gba ojú ọ̀nà padà sí sínágọ́gù, orin Bàbá tí a ó fi parí ọjọ́ náà lẹ́nu wa, Murad níwájú, tí kò mú nǹkan kan lọ́wọ́.