Igbe Inú Àpótí Oyin

Ọ̀sán gangan ni oyin dé. Télọ̀ wà nídìí ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀, ó ń bá ọrùn ṣẹ́ẹ̀tì kan jà, nígbà tí ariwo ńlá gba ojú fèrèsé kọjá. Kí ó tó gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí ẹ̀rọ, wọ́n ti so rọ̀ mọ́ ẹ̀ka igi ọsàn tó wà ní ẹ̀yìnkùlé. Wọ́n dì mọ́ ara wọn gbàgì, gbogbo wọn kò ju ìrọ̀rí ọmọdé lọ.

Ẹlòmíràn lè ní kí ni obìnrin tí ọkàn rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń balẹ̀ ń fi oyin ṣe. Nọ́ọ̀sì kan ní ilé ìwòsàn tó ti ń bọ̀ ló gbà á nímọ̀ràn pé kí ó wá iṣẹ́ tí ọwọ́ rẹ̀ kò mọ̀. Ìránṣọ ti mọ́ ọn lára jù. Ẹsẹ̀ a máa tẹ ẹ̀rọ, ọkàn a sì máa rìn lọ síbi tó bá wù ú. Ló bá tọ Màmá Olóyin lọ, ìyá àgbà tó ń ta oyin ní ìsàlẹ̀ àdúgbò. Màmá fún un ní àpótí àlòkù kan, ó fi ìda oyin àtijọ́ pa inú rẹ̀ kí òórùn rẹ̀ lè máa fa oyin, ó ní kí ó gbé e sí ẹ̀yìnkùlé kí ó máa retí. Télọ̀ fúnra rẹ̀ rán àwọ̀n ẹ̀fọn mọ́ etí fìlà ńlá kan, ó fi ṣe ìbojú. Ìbojú náà dára ju ti Màmá lọ.

Ẹ jẹ́ kí n tètè sọ ohun tó gbé e dé ilé ìwòsàn, kí ẹnikẹ́ni má bàa máa méfò. Ọmọ kan ṣoṣo tí òun àti ọkọ rẹ̀ bí, ọmọbìnrin tí kò tíì lè dá jókòó, ni ibà gbé lọ. Kò pẹ́ sígbà náà ni Télọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ́ ẹkún ọmọ nínú ilé ní àṣálẹ́, bẹ́ẹ̀ ni kò sí ọmọ kankan nítòsí. Ó sọ fún ọkọ rẹ̀. Ọkọ ní òun kò gbọ́. Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti bàjẹ́, nítorí pé iṣẹ́ aago títúnṣe ni ọkọ náà ń ṣe, etí ló sì fi ń jẹun. Gbogbo àdúgbò mọ̀ pé bí Aláago bá gbé aago ọwọ́ sí etí, á sọ ibi tó ti ń dùn ún kí ó tó ṣí i. Bí irú etí bẹ́ẹ̀ bá ní ilé dákẹ́, ta ni yóò gba Télọ̀ gbọ́? Dókítà bi í, ẹ̀gbọ́n ìyàwó rẹ̀ bi í, ìdáhùn kan náà ló fún wọn. Wọ́n di ẹrù Télọ̀, wọ́n gbé e lọ sí ilé ìwòsàn ọpọlọ.

Ó pẹ́ níbẹ̀. Kí wọ́n tó jẹ́ kí ó padà wálé, ó ṣèlérí níwájú ẹ̀gbọ́n rẹ̀ pé bí òun bá tún gbọ́ igbe yẹn, òun kò ní fi pamọ́, wọn yóò sì dá òun padà. Ìlérí yẹn ń bà á lẹ́rù ju kí oyin ta á lójú lọ.

Ó pe Màmá lórí fóònù.

"Màmá, wọ́n ti dé o. Wọ́n wà lórí igi ọsàn."

"Ṣé wọ́n pọ̀?"

"Wọn ò pọ̀ púpọ̀. Ṣé ẹ ń bọ̀?"

"Orúnkún mi ò jẹ́. Tẹ́ aṣọ funfun sílẹ̀, gbé páálí sábẹ́ wọn, kí o gbọn ẹ̀ka yẹn lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, gìrì. Oyin tó ń wá ilé kiri ti yó, kì í fẹ́ jà. Ayaba wọn ni kó o rí i pé ó bọ́ sínú páálí. Ibi tó bá wà ni gbogbo wọn á kó sí. Ṣùgbọ́n má fọwọ́ ẹ̀rọ̀ mú un o."

Ọwọ́ ẹ̀rọ̀ gan-an ni Télọ̀ fi mú un. Ó gun àga, ó na ọwọ́ sí ẹ̀ka, ọwọ́ náà kọ̀ láti gbọn ọ́n. Ńṣe ló ń gbá ẹ̀ka náà pẹ́pẹ́, bí ìgbà tí èèyàn bá ń rẹ ọmọ sùn. Ìdajì oyin já sínú páálí, ìdajì fò, wọ́n kún ojú afẹ́fẹ́. Kò pẹ́ tí àwọn tó já náà fi bẹ̀rẹ̀ sí í gùn padà lọ sókè lọ́kọ̀ọ̀kan, nítorí ayaba ṣì wà lórí igi. Ó sọ̀ kalẹ̀, ó mu omi, ó bú ara rẹ̀ díẹ̀, ó tún gun àga. Lọ́tẹ̀ yìí ó gé ètè jẹ, ó gbọn ẹ̀ka náà gìrì, gbogbo wọn sì já lulẹ̀ pẹ̀lú ìró kan ṣoṣo. Àwọn kan dúró sí etí páálí, wọ́n gbé ìdí sókè, wọ́n ń fẹ́ ìyẹ́ láti pe àwọn yòókù wọlé. Màmá ti sọ fún un pé bó bá ti rí bẹ́ẹ̀, ayaba wà nínú.

Nígbà tí oòrùn rọ̀, ó da gbogbo wọn sínú àpótí bí ẹni da ẹ̀wà sínú ìkòkò, ó sì dé e. Inú rẹ̀ dùn gan-an. Ó gbójú sókè, ó rí ọkọ rẹ̀ lẹ́yìn gíláàsì fèrèsé.

"Ó ti tán?" ni ọkọ bi í.

"Ó ti tán, ẹ ṣeun."

Nígbà tí ọmọ wà, orúkọ ọmọ ni wọ́n fi ń pe ara wọn. Nígbà tí kò sí mọ́, kò sí ẹni tó mọ ohun tí yóò máa pe ẹnìkejì rẹ̀, wọ́n kàn ń sọ̀rọ̀ sí ibi tí ẹnìkejì wà.

Ní àṣálẹ́ ọjọ́ kejì, Télọ̀ gbé àwo omi lọ fún àwọn oyin rẹ̀. Ó ti tẹ̀ ba láti gbé e kalẹ̀ kí igbe kan tó jáde láti inú àpótí. Igbe náà tín-ín-rín. Ó fà gùn, lẹ́yìn náà ó gé wẹ́wẹ́, wẹ́wẹ́, bí ọmọ tó ti sunkún títí tí èémí kò tó o mọ́. Ó dákẹ́ díẹ̀, òmíràn sì dá a lóhùn láti ìsàlẹ̀.

Omi dà sí Télọ̀ lẹ́sẹ̀, kò mọ̀. Kì í ṣe òkú ló ń bà á lẹ́rù. Ẹrù dídì ló ń bà á lẹ́rù: àpò yẹn lórí bẹ́ẹ̀dì, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tí ń ká aṣọ sínú rẹ̀ láìwo ojú rẹ̀.

Ó wọlé, ó jókòó sídìí ẹ̀rọ, ó ń tẹ̀ ẹ́ láìsí òwú nínú rẹ̀ kí ariwo rẹ̀ lè bo ìyẹn mọ́lẹ̀. Ọkọ rẹ̀ jókòó sídìí tábìlì, ó fi gíláàsì há ojú kan, ó ń tú aago oníbàárà. Igbe náà gba ojú fèrèsé wọlé kedere. Ọkọ na ọwọ́, ó yí rédíò sókè.

"Ṣé kò sí nǹkan?" ó bi í.

"Kò sí o."

Ojú rẹ̀ kò yẹ̀ kúrò lára aago. Télọ̀ wò ó títí, ó sọ fún ara rẹ̀ pé tí Aláago kò bá gbọ́ ọ, á jẹ́ pé inú orí òun náà ló tún wà. Ó sùn pẹ̀lú ìrọ̀rí lórí etí.

Ní ọjọ́ tó tẹ̀ lé e, bí iṣẹ́ ti dínkù lọ́sàn-án, ó kọjá sọ́dọ̀ Màmá Olóyin. Ó gba ẹ̀yìn bọ́ sínú ọ̀rọ̀ náà, bí ẹni tó ń béèrè fún ẹlòmíràn.

"Màmá, ṣé oyin a máa ké?"

Màmá rẹ́rìn-ín títí tó fi di orúnkún rẹ̀ mú. "Ó ti dẹ́rù bà ẹ́, àbí? Ayaba ni. Ọ̀wọ́ oyin kékeré tó bá kó jáde tẹ̀lé ti àkọ́kọ́, ayaba tó bá a jáde lè ju ẹyọ kan lọ, ọmọge ni gbogbo wọn. Ìjà ni wọ́n ń fi igbe yẹn pè. Ọ̀kan á wá èkejì kàn, á pa á, ilé á sì dákẹ́."

"Ṣé gbogbo èèyàn ló lè gbọ́ ọ?"

"Àfi ẹni tó bá dití."

Ayọ̀ kò jẹ́ kí Télọ̀ ro gbólóhùn yẹn wò. Ara rẹ̀ yá, orí rẹ̀ pé, oyin lásán ni. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ sáré délé. Ó ti dé ẹnu géètì kí ọ̀rọ̀ Màmá tó kọlu ọkàn rẹ̀, pé Aláago kò dití, ẹsẹ̀ rẹ̀ sì fà.

Ọkọ rẹ̀ wà ní ẹ̀yìnkùlé. Ó kúnlẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ àpótí láìbo ojú, ó fi ẹ̀rẹ̀kẹ́ lé pákó. Oyin ń rìn ní ọrùn ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀, wọn kò ta á. Omijé ló ń dà lójú rẹ̀.

"Ẹ dìde níbẹ̀," Télọ̀ wí. "Oyin ni. Ayaba wọn ló ń ké bẹ́ẹ̀, Màmá ti ṣàlàyé fún mi. Kò sí nǹkan tó ṣe mí."

"Mo mọ̀ pé oyin nìyí. Mo ti ń gbọ́ ọ láti àná." Kò dìde. "Kò jọ ọ́."

"Kò jọ kí ni?"

"Ti ìgbà yẹn. Tòun kéré ju báyìí lọ. Ẹ̀yìn àgbá omi nínú ilé ìdáná ló ti ń wá, tí a bá ti jẹun tán."

Ẹ̀yìn àgbá omi ni lóòótọ́. Télọ̀ kò sì sọ ibẹ̀ fún ẹ̀dá alààyè kan rí, kò sọ fún ọkọ rẹ̀, kò sọ fún dókítà, nítorí kò fẹ́ kí wọ́n lọ máa tú ibẹ̀.

"Dókítà bi yín," ó ní.

"Ẹ̀rù bà mí. Mo ti ń gbọ́ ọ kí o tó sọ fún mi. Mo rò pé tí àwa méjèèjì bá ní a gbọ́ ọ, ayé wa ti bàjẹ́ nìyẹn. Mo rò pé tí mo bá ní kò sí, á lọ."

"Ṣé ó lọ?"

"Nígbà tí wọ́n gbé ẹ lọ tán, ó wá ku èmi nìkan pẹ̀lú ẹ̀."

Inú bí Télọ̀ débi pé ó fẹ́ gbá àpótí yẹn dà lé e lórí. Àánú rẹ̀ náà ń ṣe é, kò sì fẹ́ kí ó ṣe é. "O ń wá kí mi," ó ní. "O ń bó ọsàn fún mi. O ń wò mí tí wọ́n ń fún mi ní oògùn tí kì í jẹ́ kí n lè gbé ọwọ́ mi sókè. O sì gbọ́ ọ."

Nínú àpótí, igbe méjèèjì sún mọ́ ara wọn. Ariwo gbogbo oyin ga lẹ́ẹ̀kan, ó sì rọlẹ̀. Ọ̀kan kò ké mọ́. Ó pẹ́ díẹ̀, èkejì náà dákẹ́, nítorí kò sí ẹni tí yóò dá a lóhùn. Ẹ̀yìnkùlé parọ́rọ́.

Ìgbà náà ni ẹkún ọmọ bẹ̀rẹ̀ nínú ilé ìdáná. Ó kéré gan-an. Télọ̀ gbọ́ ọ ketekete.

Ọkọ rẹ̀ gbé orí sókè kúrò lára pákó. Ó yí ojú sí ilé, ó tún yí i sí ìyàwó rẹ̀, ojú rẹ̀ sì ń bẹ̀bẹ̀. "Ṣé o gbọ́ ọ?" ó bi í. "Jọ̀ọ́, sọ fún mi. Ṣé o gbọ́ ọ?"

"Rárá," Télọ̀ wí. "Mi ò gbọ́ nǹkan kan."

Ó fi ọkọ rẹ̀ sílẹ̀ níbi tó kúnlẹ̀ sí, ó ṣí ilẹ̀kùn ilé ìdáná, ó wọlé lọ bá ẹkún náà, ó sì ti ilẹ̀kùn náà látinú.