Bọ́tìnnì Kọkànlá

"Ta ló já bọ́tìnnì ṣẹ́ẹ̀tì mi?"

Ọkùnrin náà kò kanlẹ̀kùn kó tó wọ kíláàsì ìyàwó rẹ̀. Olùkọ́ físíìsì ni, òun sì ni ọ̀gá àwọn olùkọ́ sáyẹ́ǹsì. Ọ̀gá Ìlànà làwọn ọmọ ń pè é lẹ́yìn. Ṣẹ́ẹ̀tì funfun rẹ̀ là sílẹ̀ níbi ikùn.

Ìyàwó rẹ̀, olùkọ́ kẹ́mísírì, rọra gbé ṣọ́ọ̀kì sílẹ̀. "Èmi ni, sà. Ẹyọ kan ló kù kí átọ́ọ̀mù mi pé. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú."

"Torí átọ́ọ̀mù lo ṣe jẹ́ kí n dúró níwájú gbogbo ilé-ìwé pẹ̀lú ikùn níta?"

Átọ́ọ̀mù sódíọ̀mù náà wà lórí páálí lára ògiri. Bébà pupa ni àárín rẹ̀, bọ́tìnnì sì yí i ká bí ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù: méjì, lẹ́yìn náà mẹ́jọ, lẹ́yìn náà ẹyọ kan ṣoṣo létí pátápátá.

"Ẹ̀yin ọmọ, àárín ni ìwúwo átọ́ọ̀mù wà," ọkọ rẹ̀ wí. "Ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù ò ju ìyàngbò lọ. Ẹni tí kò wúwo náà ló ń kó ìyàngbò mọ́ páálí." Ó já bọ́tìnnì tó dá wà yẹn, páálí fà ya. Àwọn ọmọ kan rẹ́rìn-ín.

Ojú ti ìyàwó rẹ̀, inú sì bí i. Ilé ẹni la ti í jẹ èkúté onídodo. Ó ti gbé irú ọ̀rọ̀ yìí mì nílé títí ó fi sú u. Kíláàsì yìí nìkan ni ibi tí wọ́n ti ń bọ̀wọ̀ fún un, ọkọ rẹ̀ sì fẹ́ gba ìyẹn náà.

"Ọ̀rọ̀ ìwúwo yẹn, òótọ́ ni," ó sọ fún àwọn ọmọ. "Ṣùgbọ́n bí átọ́ọ̀mù kan bá fẹ́ bá òmíràn so pọ̀, àárín kọ́ ló ń jáde lọ. Ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù tó wà lẹ́yìn pátápátá ni. Ẹ wò ó báyìí. Pírótọ́ọ̀nù mọ́kànlá wà láàárín, ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù ku mẹ́wàá. Wọn ò dọ́gba mọ́. Ìwà rẹ̀ àtijọ́ ti lọ nìyẹn."

Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín mọ́. Ọkọ rẹ̀ ju bọ́tìnnì sórí tábìlì. "Wàá rán an padà lálẹ́ òní."

Nígbà tó délé, ọkọ rẹ̀ ti jókòó sí pálọ̀, ṣẹ́ẹ̀tì lórí itan, abẹ́rẹ́ àti òwú lọ́wọ́.

"Bọ́tìnnì dà?"

"Mo ti lẹ̀ ẹ́ padà mọ́ páálí, sà."

"Orí ẹ pé ṣá?"

"Ó pé." Ó wọ yàrá, ó gbé báàgì tó ti dì láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá, tí kò nígboyà láti gbé. "Ojú àwọn ọmọ yẹn lẹ ti bú mi, ojú wọn náà lẹ ó ti tọrọ àforíjì. Títí dìgbà yẹn, ilé ẹ̀gbọ́n mi ni mo wà."

"Ta ni kó wá bá mi tún ṣẹ́ẹ̀tì ṣe?"

"Abẹ́rẹ́ wà lọ́wọ́ yín, sà," ó wí, ó sì fa ilẹ̀kùn dé.