Afẹ́fẹ́ Tí Wọn Ò Jẹ́ Kó Wọlé

Ọdún 2001 ni Asiata mú àbúrò rẹ̀, Gafar, kúrò ní Ọ̀yọ́ wá sí Port Harcourt. Ìyá wọn ṣẹ̀ṣẹ̀ kú nígbà náà ni, Gafar sì jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún. Àgádágodo àti ìṣó ni Asiata ń tà ní Rumuokwuta. Òun ló wá ọ̀gá wẹ́dà fún àbúrò rẹ̀, òun ló ń bá a ra bàtà iṣẹ́, òun náà ló sì ń bá a wí nígbà tó bá pẹ́ dé ibi iṣẹ́. Nígbà tí Gafar fi máa ní ṣọ́ọ̀bù tirẹ̀ lẹ́bàá Ikwerre Road, kò sẹ́ni tí kò mọ̀ pé bó bá ti rí oúnjẹ ọ̀sán, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ni yóò kọ́kọ́ bù fún.

Ní oṣù kẹjọ ọdún 2021, òtútù àyà kọlu Asiata. Ó kọ́kọ́ pè é ní ikọ́ lásán. Nígbà tí kò lè rìn láti ibùsùn dé ẹnu ọ̀nà mọ́, Gafar gbé e lọ sí ilé ìwòsàn ìjọba tó súnmọ́ wọn. Wọ́n gbà á sí wọ́ọ̀dù, wọ́n fi ọ́síjìn sí i nímú. Lọ́jọ́ kejì ó ti ń jókòó, ó ń béèrè bóyá wọ́n ti tilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù òun dáadáa.

Ó yẹ kí n sọ bí ọ̀rọ̀ ọ́síjìn ṣe rí nílé ìwòsàn náà. Ọdún méjì ṣáájú ìgbà yẹn, ìjọba ti gbé iṣẹ́ ọ́síjìn ibẹ̀ lé ilé-iṣẹ́ aládàáni kan lọ́wọ́, Tamabrook ni wọ́n ń pè é. Àwọn aláṣẹ wá gé rìbọ́ǹnì. Wọ́n gbé pátákó ńlá kan sẹ́nu géètì, tó sọ pé ìjọba àti ilé-iṣẹ́ aládàáni ti fọwọ́ sowọ́ pọ̀ fún ìlera ará ìlú. Láti ọjọ́ náà, Tamabrook ló ń gbé àgbá ọ́síjìn wá, òun ló ń tọ́jú rẹ̀, òun ló sì ní kọ́kọ́rọ́ yàrá tí wọ́n ń kó wọn sí.

Ọ̀sán ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni Gafar wọ wọ́ọ̀dù pẹ̀lú ẹ̀kọ gbígbóná lọ́wọ́. Ó rí i pé ètè ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ti dúdú. Àyà rẹ̀ ń lọ sókè sódò bí ẹni tó ń sáré.

"Gafar," ni Asiata wí, ọ̀rọ̀ náà ń já lẹ́nu rẹ̀, "afẹ́fẹ́ yìí ò dé ọ̀dọ̀ mi mọ́."

Gafar wo géèjì tó wà lórí àgbá. Abẹ́rẹ́ rẹ̀ dúró síbi tó fi hàn pé àgbá kún. Nọ́ọ̀sì tó wà lẹ́nu iṣẹ́, Motọ́lání, sáré wá.

"Àárọ̀ yìí ni wọ́n gbé e wá, bọ̀dá," ni nọ́ọ̀sì wí. "Ó kún. Ẹ ò rí géèjì?"

Ogún ọdún ni Gafar ti ń fi ọ́síjìn gé irin. Ó yí ẹnu àgbá dé, ó tú rọ́bà tó ń gbé afẹ́fẹ́ kúrò lára rẹ̀, ó sì tún ẹnu náà ṣí. Kò gbọ́ ariwo kankan. Kò sí afẹ́fẹ́ kankan tó fẹ́ sí i lọ́wọ́. Síbẹ̀ abẹ́rẹ́ géèjì ò kúrò lójú kan.

"Nọ́ọ̀sì, ẹ wò ó," ni Gafar wí. "Géèjì yìí ti kú. Ibi tó kú sí ló dúró sí. Àgbá yìí ṣófo."

Motọ́lání wo géèjì, ó wo Asiata, ó sì sáré lọ síbi yàrá ọ́síjìn. Àgádágodo wà lẹ́nu rẹ̀. Òṣìṣẹ́ Tamabrook tó ní kọ́kọ́rọ́ ti lọ sí ọ́fíìsì wọn ní Old GRA. Wọ́n pè é lórí fóònù lẹ́ẹ̀mẹfà, kò gbé e. Dókítà ní kí wọ́n já ilẹ̀kùn, ṣùgbọ́n irin ni ilẹ̀kùn náà, kò sì sí ohun tí wọn yóò fi já a.

"Mo ní ọ́síjìn ní ṣọ́ọ̀bù mi," ni Gafar wí. "Èyí tí mo fi ń gé irin ni. Ṣé ó ṣe é lò?"

Dókítà ronú díẹ̀. "Kì í ṣe irú tiwa gan-an. Ṣùgbọ́n tí a bá dúró báyìí, ó ń kú lọ nìyẹn. Gbé e wá."

Gafar sáré. Ó gba kẹ̀kẹ́ Napep, ó dé ṣọ́ọ̀bù, òun àti awakọ̀ náà gbé àgbá kan tó kún sẹ́yìn kẹ̀kẹ́, wọ́n sì gba ọ̀nà ẹ̀bá gọ́tà kí sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ ojú títì má baà dá wọn dúró. Ìṣẹ́jú méjìdínlógún ni gbogbo rẹ̀ gbà.

Nígbà tí wọ́n dé géètì, ọlọ́dẹ tó wọ aṣọ Tamabrook na ọwọ́ síwájú kẹ̀kẹ́.

"Oga, you no fit carry that thing enter."

"My sister dey die for inside," ni Gafar wí. "Doctor talk say make I bring am."

"Na only Tamabrook cylinder dey pass this gate. Na so the agreement be. If I open am, dem go sack me."

Gafar bẹ̀ ẹ́. Ó dọ̀bálẹ̀ lórí kọ́ǹkéré níwájú ọkùnrin náà, ẹni tó kéré sí i lọ́jọ́ orí. Ọlọ́dẹ pe ọ̀gá rẹ̀. Ọ̀gá rẹ̀ ní kí Gafar lọ gba ìwé àṣẹ ní ilé-iṣẹ́ ètò ìlera ìpínlẹ̀. Dókítà fúnra rẹ̀ jáde wá sí géètì, ó pe ọ̀gá ilé ìwòsàn. Ọ̀gá ilé ìwòsàn ní ọ̀rọ̀ ọ́síjìn kì í ṣe tòun mọ́, ti Tamabrook ni. Báyìí ni wọ́n ṣe ń tì í síra wọn lórí fóònù, tí àgbá tó kún fún afẹ́fẹ́ sì jókòó sẹ́yìn kẹ̀kẹ́, nínú oòrùn.

Nígbà tí ogún ìṣẹ́jú pé, Gafar ti ọlọ́dẹ ṣubú. Òun àti awakọ̀ kẹ̀kẹ́ yí àgbá náà wọlé lórí ìdí rẹ̀, ó ń dún gbàràgbàrà lórí ilẹ̀ táìlì. Motọ́lání ti dúró lẹ́nu ọ̀nà wọ́ọ̀dù. Ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

"Ẹ dúró, bọ̀dá," ni nọ́ọ̀sì wí. "Wọ́n ti lọ."

Wọ́n sin Asiata lọ́jọ́ kejì. Gafar ò sunkún níbi ìsìnkú. Inú ló ń bí i débi pé ó ṣòro fún un láti ṣe àmín àdúà.

Lọ́jọ́ kẹjọ, ọkùnrin kan tó wọ kóòtù wá bá a ní ṣọ́ọ̀bù. Ó ní Dọ̀tun lorúkọ òun, òun ni máníjà Tamabrook fún gbogbo Port Harcourt.

"Ẹ̀gbọ́n, ọmọ Yorùbá lèmi náà," ni Dọ̀tun wí. "Ọmọ Iléṣà ni mí. Ìdí nìyí tí mo fi ní kí n wá fúnra mi. Ẹ kú àṣẹ̀yìndè." Ó yọ ìwé kan jáde. "Ìwé kékeré kan ni ẹ máa fọwọ́ sí. Pé àìsàn ló pa wọ́n, pé ẹbí ò ní ẹ̀sùn kankan. Lẹ́yìn náà, a ó ṣe nǹkan tó dára fún ẹbí."

Gafar ò gba ìwé náà. "Ta ló ní kí wọ́n má jẹ́ kí ọ́síjìn mi wọlé?"

"Àdéhùn ni, ẹ̀gbọ́n. Ó wà nínú àdéhùn."

"Àdéhùn ò lè dìde kó kọ ara rẹ̀. Èèyàn ló kọ ọ́. Ta ni?"

"Ìjọba ló fọwọ́ sí i."

"Ẹ̀yin ńkọ́? Ẹ ò fọwọ́ sí i?"

Dọ̀tun rẹ́rìn-ín músẹ́, ó ní ọ̀rọ̀ náà ò rí bí Gafar ṣe rò ó. Gafar tan iná wẹ́dà rẹ̀, ó sì padà sẹ́nu iṣẹ́. Ìpàrà iná ń ta sára bàtà Dọ̀tun títí ó fi kúrò níbẹ̀.

Gafar lọ sí ilé-iṣẹ́ ètò ìlera. Wọ́n ní Tamabrook ló ń bójú tó ọ́síjìn, kó lọ bá Tamabrook. Ó ní kí wọ́n fi àdéhùn náà han òun. Obìnrin tó jókòó lẹ́yìn tábìlì sọ fún un pé ìwé àṣírí ni. Gafar béèrè bí ìwé tó pa èèyàn lójú gbangba ṣe wá di àṣírí. Obìnrin náà ní kó máà pariwo.

Ibẹ̀ ló ti lọ bá Glory. Lọ́yà ni Glory, ọmọ Ikwerre, ọ́fíìsì rẹ̀ wà lókè ṣọ́ọ̀bù olóògùn kan ní Rumuokwuta. Gafar ló ṣe irin ojú fèrèsé rẹ̀. Nígbà tó gbọ́ ọ̀rọ̀ náà tán, ó mú ìwé àti bírò.

"Law dey wey say make dem show you," ni Glory wí. "But dem no go gree. We go need make people hear am first."

Gafar pe ètò kan lórí rédíò láàárọ̀ ọjọ́ Ajé, ó sọ gbogbo rẹ̀ ní Píjìn. Kí ètò náà tó parí, ènìyàn mẹ́rin mìíràn ti pè. Ọ̀kan láti Abuloma sọ pé báyìí gẹ́lẹ́ ni bàbá òun ṣe kú, níwájú géèjì tó sọ pé àgbá kún. Láàárín ọ̀sẹ̀ kan, ìjọba gbé ìgbìmọ̀ ẹlẹ́ni márùn-ún kalẹ̀.

Ìgbìmọ̀ náà jókòó nínú gbọ̀ngàn kan ní Old GRA. Dọ̀tun kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Ó gbé fọ́tò kan sókè, tí wọ́n yà láàárọ̀ ọjọ́ tí Asiata kú, géèjì sì fi hàn nínú rẹ̀ pé àgbá kún. Ó ní bí Tamabrook ṣe ń ṣọ́ iṣẹ́ rẹ̀ nìyẹn lójoojúmọ́. Alága ìgbìmọ̀ mi orí. Wọ́n bi Gafar bóyá ó ní ẹ̀rí pé géèjì náà bàjẹ́. Ó ní kí wọ́n gbé géèjì wá. Dọ̀tun ní wọ́n ti pààrọ̀ rẹ̀, òun ò mọ ibi tó wà mọ́.

Motọ́lání dìde láti ẹ̀yìn. Òṣìṣẹ́ ìjọba ni, wọ́n sì ti kìlọ̀ fún un kó máà yọjú. Ó rìn bọ̀ wá síwájú, ó ṣí báàgì rẹ̀, ó sì gbé géèjì kan lé orí tábìlì.

"Èmi ló tú u lórí àgbá lọ́jọ́ náà, kí àwọn Tamabrook tó wá gbé àgbá náà lọ," ni Motọ́lání sọ fún ìgbìmọ̀ lédè Gẹ̀ẹ́sì. "Nọ́ńbà tó wà lára rẹ̀ bá ti inú fọ́tò mu."

Géèjì náà dá jókòó lórí tábìlì, kò so mọ́ àgbá kankan, abẹ́rẹ́ rẹ̀ sì ń sọ pé ó kún. Ọ̀kan nínú ìgbìmọ̀ nawọ́, ó fi ìka kan ojú dígí rẹ̀, abẹ́rẹ́ ò mira. Dọ̀tun ń tẹ fóònù rẹ̀.

Inú Gafar dùn díẹ̀ lọ́jọ́ náà. Kò mọ̀ pé wọn yóò tún bí i nínú. Oṣù mẹ́ta lẹ́yìn náà, ìgbìmọ̀ gbé àbájáde rẹ̀ jáde. Wọ́n ní àléébù wà nínú ètò, pé kò sí ẹnì kan pàtó tí àwọn lè dá lẹ́bi. Wọ́n gbé Motọ́lání lọ sí ilé ìwòsàn kékeré kan ní erékùṣù, ibi tó jẹ́ pé ọkọ̀ ojú omi ló ń gbé èèyàn débẹ̀. Ìjọba sì tún fi ọdún márùn-ún kún àdéhùn Tamabrook.

"Mo ti kó bá yín, nọ́ọ̀sì," ni Gafar sọ fún Motọ́lání lórí fóònù.

"Kì í ṣe ẹ̀yin lẹ kó bá mi," ni Motọ́lání fèsì. "Ẹ má dákẹ́ ṣá. Tí ẹ bá dákẹ́ báyìí, á jẹ́ pé lásán ni mo jìyà."

Gafar ò dákẹ́. Glory pe ìjọba lẹ́jọ́ nítorí ìwé àdéhùn náà. Wọ́n sún un síwájú lẹ́ẹ̀meje. Ìgbà tó pé ọdún kan àti oṣù méjì ni adájọ́ pàṣẹ pé kí wọ́n gbé ìwé náà jáde. Ojú ewé mẹ́rìndínláàádọ́ta ni. Gafar jókòó ní ọ́fíìsì Glory, Glory ń kà á, ó ń túmọ̀ rẹ̀ sí Píjìn fún un. Ní ojú ewé kọkànlélọ́gbọ̀n, wọ́n kọ ọ́ pé ọ́síjìn ẹlòmíràn kò gbọdọ̀ wọ inú ọgbà. Ojú ewé méjì lẹ́yìn ìyẹn sọ pé ìjọba yóò yan ẹnì kan tí yóò máa yẹ gbogbo géèjì wò lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Kò sẹ́ni tí wọ́n yàn rí.

"Read that one again," ni Gafar wí.

Glory kà á. Gafar ní kó tún un kà. Lẹ́yìn ẹ̀ẹ̀kẹta, ó béèrè àwọn tó fọwọ́ sí i. Orúkọ méjì ni, ọ̀kan ti ìjọba, ọ̀kan ti ilé-iṣẹ́. Ó ní kí Glory kọ wọ́n sílẹ̀ fún òun ní lẹ́tà gàdàgbà.

Ìjọba àti ilé-iṣẹ́ náà ni wọ́n pè lẹ́jọ́ lórí ikú Asiata. Ní ọdún 2024, adájọ́ sọ pé ìjọba àti Tamabrook ló jọ jẹ̀bi, pé èyíkéyìí nínú wọn ò lè ti ẹ̀bi náà sí ẹnì kejì lọ́rùn. Gafar dúró nínú kọ́ọ̀tù pẹ̀lú aṣọ iṣẹ́ rẹ̀, ó ń gbọ́. Kó tó dé ilé lọ́jọ́ náà, àwọn méjèèjì ti ní àwọn ń gba kọ́ọ̀tù kò-tẹ́-mi-lọ́rùn lọ. Ibẹ̀ ni ẹjọ́ náà wà títí di òní.

Ohun kan ti yí padà. Wọ́n ti yọ òfin géètì náà kúrò, wọ́n rọra yọ ọ́, wọn ò kéde. Gafar gbọ́ ọ lẹ́nu awakọ̀ kẹ̀kẹ́ kan tó gbé àgbá wọlé fún ìyàwó rẹ̀ láìsí ẹni tó dá a dúró. Ó bi ọkùnrin náà bóyá ìyàwó rẹ̀ yè. Ó ní ó yè.

"Alhamdulillah," ni Gafar wí, ó sì mú irin tó ń gé lọ́wọ́, ó sọ ọ́ mọ́ ògiri páànù ṣọ́ọ̀bù náà tó fi ya. Ó dúró, ó ń mí gúlegúle. Lẹ́yìn náà ó lọ mú irin mìíràn.