Ibòòji Igi Àjàgbọn

Ẹja náà tún bọ́ mọ́ mi lọ́wọ́. Thet Hnin fi ẹsẹ̀ há a mọ́ inú ẹrẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀, ó mú un, ó sì jù ú sínú garawa.

"Bàbá Kékeré, ẹ lọ jókòó sétí," ó ní. "Ẹja ń fi yín ṣẹ̀sín."

Mi ò jókòó. Adágún náà ti gbẹ di ẹrẹ̀, bó ti máa ń rí kí òjò tó dé. Àwọn ẹja tó kù síbẹ̀ ń la ẹnu, wọ́n ń pa á dé. Bí a ò bá kó wọn, oòrùn á pa wọ́n, tàbí ẹyẹ. Lọ́dọ̀ wa, ẹni tó bá kó irú ẹja bẹ́ẹ̀ lọ sódò ńlá ti gba ẹ̀mí là, oore náà á sì bá a dé ayé tó kàn.

Ẹ̀gbọ́n mi, Po Chein, bàbá Thet Hnin, la fẹ́ kó ṣe oore yìí. Ó ń kú lọ. Apẹja ni láti kékeré, ojú rẹ̀ sì ti fọ́. Láti ìgbà tí kò ti lè dìde mọ́ ló ti ń sọ pé òun ń gbọ́ ìrù ẹja tó ń gbá ẹní lábẹ́ etí òun. Gbogbo wa la mọ ohun tí ìyẹn jẹ́. Ohun tí ọkàn bá dì mú nígbà tó bá ń lọ ló ń júwe ibi tó ń lọ fún un.

A fẹ́ kó gbọ́ nǹkan mìíràn. A fẹ́ kó gbọ́ ẹja tó ń wẹ̀ lọ.

Ọkọ Thet Hnin ti gbé e wá sétí odò Ayeyarwaddy lórí ibùsùn ọparun, lábẹ́ igi àjàgbọn. A gbé garawa sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọwọ́ rẹ̀ nínú ibòòji. Ó ti ìka bọ inú omi.

"Epìyà," ó ní. "Wọ́n sanra. Tha Dun, ìwọ lo mú wọn?"

"Ọmọ yín ni, Ẹ̀gbọ́n."

"Mo mọ̀. Jíjẹ nìkan lo mọ̀. Lọ́jọ́ tí gbogbo ẹja tí mo pa bá tò dúró, ìwọ ni wọn ó kọ́kọ́ bù jẹ, ìwọ olófin."

Láti ìgbà tí ìyàwó mi ti kú ni mo ti ń pa òfin mọ́. Mi ò pa ohun ẹlẹ́mìí, mi ò jalè, mi ò purọ́. Ẹja jíjẹ ni mi ò fi sílẹ̀. Àwọn mìíràn ló ń pa á.

"Ẹ jẹ́ ká dà wọ́n sódò," Thet Hnin ní.

"Kí àlùfáà tó dé?" Ìyá rẹ̀, Daw Nyein, ló dá a lóhùn. "Ẹni tí kò tíì gba òfin lẹ́nu àlùfáà, oore wo ló fẹ́ ṣe? Ọjọ́ wo ni bàbá rẹ ò da ẹja kéékèèké padà sódò? Ṣé ìyẹn ti gbà á?"

Òótọ́ ló sọ. A dúró de àlùfáà.

Oòrùn ti ń sún mọ́ àtàrí nígbà tí àlùfáà U Kelatha dé. Arúgbó ni, ẹsẹ̀ rẹ̀ wú. Kò tíì jẹun, bí ọ̀sán gangan bá sì kọjá, kò gbọ́dọ̀ jẹun mọ́ títí ilẹ̀ ọjọ́ kejì á fi mọ́. Daw Nyein gbé ìrẹsì kalẹ̀, pẹ̀lú ọbẹ̀ ẹ̀wà àti ewé tíì tí a pò mọ́ òróró fún jíjẹ. Ó jẹun jẹ́jẹ́, bó ti tọ́. Àwa jókòó, a kọjú sí i. Po Chein sùn díẹ̀.

Ibòòji ò sùn. Nígbà tí àlùfáà fi máa fọ ọwọ́, ó ti yẹ̀ kúrò lórí garawa.

Àlùfáà ka òfin náà. Po Chein ń tẹ̀ lé e. "N ò ní pa ohun ẹlẹ́mìí." Ohùn rẹ̀ ti wálẹ̀, ṣùgbọ́n ó kà á tán. Thet Hnin dìde lọ síbi garawa, ó sì dúró. Mo wò ó. Mo wo inú garawa. Ikùn wọn funfun, ó kọjú sókè.

"Kí lẹ̀ ń dúró dè?" Po Chein ní.

Daw Nyein gbé ọwọ́ ọkọ rẹ̀ lé etí garawa. Ó mi orí sí ọmọ rẹ̀. Wọ́n dà á.

Ẹja tó yè, tí omi bá ti kàn án, á lọ wẹ́rẹ́. Àwọn wọ̀nyí bọ́ tò, tò, tò, wọ́n sì léfòó.

"Wọ́n ti wẹ̀ lọ, Bàbá," Thet Hnin ní.

Ó rẹ́rìn-ín. "Ọmọ mi, apẹja lò ń purọ́ fún." Ó yí orí sí ọ̀dọ̀ mi. "Tha Dun. Olófin. Ṣé wọ́n wẹ̀ lọ?"

Daw Nyein ń wò mí. Àlùfáà ń wo ilẹ̀.

"Odò ti gbé wọn lọ, Ẹ̀gbọ́n."

"Odò máa ń gbé òkú náà lọ."

Kò bínú. Ó ní ká gbé òun wọlé. A ò tíì dé ẹnu ọ̀nà tó fi sọ pé ìrù ẹja ti tún dé sétí òun.

Thet Hnin bá àlùfáà lórí àtẹ̀gùn.

"Bàbá, ó fẹ́ dà wọ́n láàyè. Ṣé ìyẹn ò tó?"

"Èrò rere ni. Kò ní sọnù. Ṣùgbọ́n èmi kọ́ ni mo ń yan ohun tí ọkàn rẹ̀ máa dì mú. Òun náà kọ́."

"Ẹni tó máa jìyà lọ́hùn-ún, ṣé òun náà ni?"

"Omi tó kọjá níbí lánàá ti lọ. A ṣì ń pe èyí ní odò kan náà."

"Ìyẹn ò ràn mí lọ́wọ́, Bàbá."

"Mo mọ̀," àlùfáà ní.

Kí oòrùn tó wọ̀, ọwọ́ ẹ̀gbọ́n mi bẹ̀rẹ̀ sí í rìn lórí ẹní, ọ̀kan tẹ̀ lé èkejì, bí ẹni tó ń fa àwọ̀n. Mo dì wọ́n mú. Wọ́n ń fa tèmi mọ́ ọn. Lẹ́yìn náà wọ́n dáwọ́ dúró.

Ní ọjọ́ keje lẹ́yìn ikú rẹ̀, a bọ́ àwọn àlùfáà. Thet Hnin ń da omi sílẹ̀ ní ẹ̀kán-ẹ̀kán, a sì ń pe Po Chein kó wá gba ìpín tirẹ̀ nínú oore náà, níbikíbi tó bá wà. Oko ti gbẹ. Ẹja la sè. Ọkọ Thet Hnin ló pa wọ́n láàárọ̀. Èmi náà jẹ.

Nígbà tí mo ń lọ sílé, àwọ̀n Po Chein wà lórí ẹ̀ka igi àjàgbọn. Ó ṣì ń kán omi.