Ẹni Tí A Tẹ̀ Kẹ́yìn

Ó ti rẹ Àbígbẹ̀yìn tẹnutẹnu. Odò kan wà nínú kọ̀ǹpútà rẹ̀, odò tòótọ́ ló fi ṣe àwòṣe rẹ̀: òjò tó ń rọ̀ sí i, dáàmù tó sé e, ìlú tó ń mu ún, oko tó ń fà á. Ibẹ̀ ni àjọ omi ti ń wo ẹni tí omi yóò kàn bí ọ̀gbẹlẹ̀ bá dé. Àwọn tí kò mọ̀ máa ń ní ìjókòó lásán ni iṣẹ́ náà. Kí wọ́n wá jókòó ọ̀hún wò, ká rí i bóyá ẹ̀yìn ò ní dùn wọ́n.

Nínú odò yìí, ẹ̀gbọ́n ló ń kọ́kọ́ bu omi. Ìlú ni ẹ̀gbọ́n, oko ni àbúrò. Oko méjì ló wà nísàlẹ̀ pátápátá, ipò kan náà ló sì fi wọ́n sí. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin, tó tọ́ ọ dàgbà lẹ́yìn ikú bàbá wọn, ló ni ọ̀kan.

Ó ní kí kọ̀ǹpútà ṣírò ẹ̀ẹ̀rùn tó ń bọ̀. Oko kan mumi yó, ti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kò rí ẹ̀kán kan. Ó tún un ṣírò títí ojú fi ń ta á, kò yí padà. Ìgbà tó yá ló rí i: bí àwọn méjì bá dọ́gba, ẹni tí wọ́n kọ́kọ́ tẹ orúkọ rẹ̀ sínú rẹ̀ ni kọ̀ǹpútà ń fún lómi. Òun fúnra rẹ̀ ló tẹ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kẹ́yìn. Kí ayé má baà ní ó ń ṣe ojúsàájú ni, bí onílé ṣe ń bu oúnjẹ àlejò ṣáájú tọmọ. Kọ̀ǹpútà wo ló mọ ìtìjú?

Ó tọ ọ̀gá lọ.

"Bí o bá pín in sí méjì ńkọ́?" ọ̀gá béèrè, ó ń fọwọ́ ra ojú.

"Kò tó pín, ọ̀gá. Irúgbìn àwọn méjèèjì ló máa gbẹ."

"Yí wọn padà, nígbà yẹn. Àmọ́ wọ́n á béèrè oko ta lo gbé síwájú o. Òní la sì máa fi èsì rẹ̀ ránṣẹ́."

Adìẹ wá bà lókùn. Ó padà sídìí iṣẹ́, àánú ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ń ṣe é, àánú ara rẹ̀ náà ń ṣe é. Ṣùgbọ́n àwọn tó ni oko kejì náà lọ́mọ nílé. Ó fi í ránṣẹ́ bó ṣe wà, ó sì pe ẹ̀gbọ́n rẹ̀.

"Àbígbẹ̀yìn, mo ti kọ ebè tán o! Ṣé kọ̀ǹpútà rẹ ní a máa rómi?"

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ má gbin nǹkan kan lẹ́ẹ̀rùn yìí."

Ọkùnrin náà mí kanlẹ̀. "Ó dáa náà. Kọ̀ǹpútà ò kúkú mọ èèyàn, ta la fẹ́ bínú sí?"

"Bẹ́ẹ̀ ni" lásán ló kù kí Àbígbẹ̀yìn sọ, ọ̀rọ̀ á parí síbẹ̀. Àmọ́ ó ti rẹ̀ ẹ́ kọjá ẹni tó lè purọ́.

"Kì í ṣe kọ̀ǹpútà, ẹ̀gbọ́n mi. Èmi ni mo fi yín sẹ́yìn."