Àwọ̀ Pálọ̀ Nọ́ọ̀sì

Láti ọjọ́ tí nọ́ọ̀sì kan ládùúgbò wa ti ní kí ọkọ mi wá kun pálọ̀ òun ni ọkàn mi ò ti balẹ̀ mọ́ nínú ilé mi. Kì í ṣe pé ẹnikẹ́ni bá mi jà. Ọkọ mi kì í jà. Pẹ́ńtà ni gbogbo àdúgbò ń pè é, ó ti ń kunlé fún ọdún méjìlélógún, kò sì sí ẹni tó lè sọ pé òun gbọ́ ohùn rẹ̀ lókè rí. Ohun tó ṣẹlẹ̀ kò ju pé obìnrin kan sọ fún un pé òun ń fẹ́ àwọ̀ tó lọ́wọ́ọ́rọ́ lára ògiri, tí kò funfun, tí kò pupa, tí kò sì ní máa pariwo mọ́ èèyàn lójú. Ọkọ mi wá gbé ọ̀rọ̀ yìí sọ́kàn bí ẹni tí ọba rán níṣẹ́.

Ọ̀nà tó ń gbà ṣiṣẹ́ rẹ̀ nìyí. Kì í fi ìwé àwọ̀ kékeré tí wọ́n ń fúnni ní ṣọ́ọ̀bù mú àwọ̀ fún ẹnikẹ́ni. Ó máa po ọ̀dà díẹ̀ sínú korobá kékeré, á kùn ún sára pátákó, á gbé pátákó náà ti ògiri, á wò ó láàárọ̀, á wò ó lọ́sàn-án, á tún wò ó nígbà tí oòrùn bá ń wọ̀. Ó ní àwọ̀ tó dára láàárọ̀ lè dà bí ìdọ̀tí tó bá di ìrọ̀lẹ́. Òun ló mọ iṣẹ́ rẹ̀, mi ò bá a jiyàn. Ṣùgbọ́n fún àwọn oníbàárà tó kù, pátákó méjì tó, mẹ́ta ló pọ̀ jù. Ti nọ́ọ̀sì ti di mọ́kànlá.

Inú pálọ̀ tiwa ni mọ́kọ̀ọ̀kànlá dúró sí, wọ́n fara ti ògiri tí ọ̀dà rẹ̀ ti ń ṣí láti ìgbà tí àwọn ìbejì wa ti ń rákòrò. Àwọn ìbejì ọ̀hún ti wọ ilé-ìwé gíga báyìí. A kì í fi ètè sílẹ̀ pa làpálàpá, ṣùgbọ́n ta ni màá sọ ọ́ fún? Ọkọ mi á jókòó lórí àpótí, á fọwọ́ lẹ́rán, á máa wo àwọ̀ obìnrin mìíràn.

Aránṣọ ni mí, igun pálọ̀ kan náà ni ẹ̀rọ mi wà. Lọ́sẹ̀ kejì mo rán aṣọ tuntun kan fún ara mi, èyí tó mú mi níbàdí dáadáa, mo wọ̀ ọ́, mo kọjá níwájú rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta. Nígbà kẹta ló gbójú sókè. Ó ní kí n jọ̀ọ́, kí n sún díẹ̀, mo ń dí ìmọ́lẹ̀ mọ́ pátákó keje lójú.

Ìyẹn gan-an kọ́ ló bí mi nínú jù. Ìrọ̀lẹ́ nìkan ni nọ́ọ̀sì máa ń wà nílé, torí náà ìrọ̀lẹ́ ni ọkọ mi ń gbé pátákó lọ, kó tó lọ, á wẹ̀. Ta ló ń wẹ̀ kó tó lọ wo ògiri? Nígbà tí mo bi í, ó ní nọ́ọ̀sì ni, kò fẹ́ràn ìdọ̀tí. Mo ní ó dáa. Kò dáa rárá. Owú ni mo ń jẹ, mi ò ní fi bò, mo jẹ ẹ́ ju oúnjẹ lọ lọ́sẹ̀ yẹn.

Ó di ọ̀sán Ọjọ́rú, ó po ìkejìlá. Mo béèrè bó ṣe rí. Ó fi igi rò ó lẹ́ẹ̀kan sí i, ó rẹ́rìn-ín sí inú korobá, ẹ̀rín tí mi ò rí láti ọjọ́ pípẹ́, ó sì ní, "Ó máa fẹ́ràn eléyìí." Ó dé e, ó lọ wẹ̀.

Ó máa fẹ́ràn eléyìí. Mo dìde nídìí ẹ̀rọ. Mo ṣí àpótí iṣẹ́ rẹ̀, níbi tó ń kó àwọn ìgò àwọ̀ kéékèèké sí, mo mú èyí tó dúdú, mo ṣí korobá, mo kán an sí i. Ẹ̀kán kan, ìkejì, ìkẹta. Mo rò ó. Ọ̀dà tó rí bíi tíì tí mílíìkì pọ̀ nínú rẹ̀ tẹ́lẹ̀ wá ń wọ àwọ̀ ewé, ó dà bí omi tí wọ́n fi fọ abọ́.

Ìgbà yẹn lẹ̀rù wá bà mí, nítorí bó bá ṣe ń ṣí i ni yóò mọ̀. Mo sì mọ ohun tó yẹ kí n ṣe. Ó ti lé lógún ọdún tí mo ti ń fi òwú bá aṣọ mu, mo mọ̀ pé bí nǹkan bá ń wọ àwọ̀ ewé níbi tí a ò fẹ́, pupa ni yóò pa á. Mo mú ìgò tó pupa bíi bíríkì. Ẹ̀kán méjì, mo wò ó, mo fi ààbọ̀ kan kún un láti orí igi. Ọ̀dà náà rọlẹ̀. Kì í ṣe èyí tó pò mọ́, ṣùgbọ́n kò jìnnà sí i, mo sì ń gbàdúrà nínú mi pé kó bàjẹ́ lójú nọ́ọ̀sì tó bá di ìrọ̀lẹ́.

Ó wẹ̀ tán, ó kùn ún sára pátákó láìfura, ó gbé e lọ. Súfèé ni ọkọ mi ń sú wọlé nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà. Nọ́ọ̀sì ti mú àwọ̀. Ó ní ó kàn wò ó báyìí ni, ó jókòó, ó ní èyí ni. Ilé ọba tó jó, ẹwà ló bù sí i. Mo lọ sí ilé ìdáná, mo dúró síbẹ̀ láìṣe nǹkan kan.

Ní Ọjọ́bọ̀ ló bẹ̀rẹ̀ sí í po korobá ńlá. Ó ti kọ òṣùwọ̀n rẹ̀ sílẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ìṣe rẹ̀, ó tẹ̀ lé e, ọ̀dà náà sì mọ́lẹ̀ ju ti ara pátákó lọ. Ó da á nù, ó tún un ṣe, ó tún mọ́lẹ̀ jù. Ó ti ṣèlérí fún nọ́ọ̀sì pé iṣẹ́ yóò bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ Àbámẹ́ta. Mo gbé ojú mi sórí aṣọ tí mò ń rán, mo panu mọ́. Mo ní kí nọ́ọ̀sì bínú, kó pe pẹ́ńtà mìíràn, kí gbogbo wa sinmi.

Ìrọ̀lẹ́ Ẹtì ni mo gbórí sókè, mo rí i níbi fèrèsé. Ó mú pátákó dání, ó fọwọ́ bo ojú òsì, ó wò ó, ó ṣí i, ó bo ojú ọ̀tún.

"Ìyá Ìbejì," ó ní, "àfàìmọ̀ kí ojú mi má ti máa bàjẹ́."

Ó tún ní, jẹ́ẹ́, "Tójú mi bá lọ, kí ni mo tún mọ̀ ọ́n ṣe?"

Mo ti ń fẹ́ kí nǹkan dùn ún láti ọjọ́ yìí, ṣùgbọ́n èyí kọ́. Mo tẹ ẹ̀rọ dúró. Mo ní, "Ojú yín ò ṣe nǹkan kan. Èmi ni mo fọwọ́ kan korobá yẹn kẹ́ ẹ tó gbé e lọ."

Ó béèrè ìdí rẹ̀.

"Torí pé ẹ wẹ̀," ni mo wí. "Ẹ wẹ̀, ẹ rẹ́rìn-ín, ẹ ní ó máa fẹ́ràn ẹ̀."

Ká ní ó pariwo ni, ǹ bá mọ ohun tí mo máa ṣe. Ó kàn fi pátákó há abíyá, ó gbé àpótí iṣẹ́ rẹ̀, ọ̀dà funfun àti korobá ńlá, ó ní kí n dìde, ká lọ sílé nọ́ọ̀sì, ibẹ̀ ni màá ti pò ó.

Nọ́ọ̀sì ṣílẹ̀kùn fún wa láìwọ bàtà, ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì wú, aṣọ iṣẹ́ ṣì wà lọ́rùn rẹ̀. Ó rẹwà, mi ò ní parọ́ mọ́ ọn, ṣùgbọ́n ó rẹ̀ ẹ́ débi pé ṣe ló fara ti ìlẹ̀kùn kí wa. Kọ́ọ̀bù kan ṣoṣo ló wà lórí tábìlì, mo wò ó dáadáa. Nígbà tí mo béèrè ohun tó mú un ṣa àwọ̀ tó báyìí, ó ní funfun ni gbogbo ògiri tó ń rí láti àárọ̀, tó bá délé tó tún rí funfun, á máa ṣe òun bíi pé wọ́n fẹ́ pe òun síbi bẹ́ẹ̀dì tó kàn.

"Mo kàn fẹ́ jókòó síbi tí ò sẹ́ni tó ń ṣàìsàn, mà," ló wí.

Ọ̀rọ̀ náà wọ̀ mí lára, bó tilẹ̀ jẹ́ pé mi ò fẹ́ kó wọ̀ mí. Ọkọ mi da ọ̀dà funfun sínú korobá ńlá, ó fi òṣùwọ̀n tirẹ̀ sí i, ó sì kúrò nídìí rẹ̀. Mo gbé e lọ síbi fèrèsé, mo kẹ̀yìn sí àwọn méjèèjì, mo bẹ̀rẹ̀. Dúdú, ká rò ó, ká wò ó, bíríkì, ká tún wò ó. Mo gbàgbé pé ẹnikẹ́ni wà níbẹ̀. Nígbà tí mo kùn ún sẹ́gbẹ̀ẹ́ ti ara pátákó, a ò rí ibi tí ọ̀kan parí sí tí èkejì ti bẹ̀rẹ̀.

Nọ́ọ̀sì wò ó, ó wò mí. Ó béèrè lọ́wọ́ ọkọ mi pé ṣé mọ́mì ló po ti àkọ́kọ́ náà ni. Irọ́ tó lè pa pọ̀. Ó ní, "Òun ni."

"Ẹ jọ̀ọ́, mà," nọ́ọ̀sì yíjú sí mi, ó kẹ̀yìn sí ọkọ mi, "ẹ̀yin ni kẹ́ ẹ wá bá mi mú ti yàrá."

Mo ní màá wá. Lẹ́yìn náà ni mo wo ọkọ mi. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó ń nu búrọ́ọ̀ṣì tí kò dọ̀tí, ó di ẹnu pọ̀, kò sì fẹ́ kí ojú wa ṣe mẹ́rin. Mo mọ ojú yẹn. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni mo fi rí i nínú dígí tí àwọn oníbàárà mi fi ń wo ara wọn. Owú ni.

A ti rìn dé ìdajì ọ̀nà ilé kó tó sọ̀rọ̀.

"Dúdú yẹn," ó ní, bí ẹni tí kò kà á sí, "ẹ̀kán mélòó lo fi sí i?"

Ó wà lórí ahọ́n mi. Mo ní, "Mo ti gbàgbé."

Ó mọ̀ pé irọ́ ni, torí kò sí aránṣọ tó ń gbàgbé òṣùwọ̀n. Ó dúró lójú ọ̀nà, ó wò mí láti iwájú orí dé àgbọ̀n, ó ti tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tó ti wò mí pẹ́ tó bẹ́ẹ̀ gbẹ̀yìn. Mo rí i pé ó ń dùn ún. Inú mi dùn, ojú sì ń tì mí pé inú mi dùn. Mi ò sọ iye rẹ̀ fún un.